Láti Ìmẹ̀sí-Ilé dé Addo: Ìtàn Káàdì, Nọ́ọ̀sì àti Àtọ̀gbẹ

Ní Addo, lápá Ajah ní Èkó, àárọ̀ kì í dúró de oòrùn. Kí àwọn tó kírun àsùbáà tó tú ká, kọ́ńdọ́ ti ń pe "Ajah! Ajah!" lójú ọ̀nà tó wá láti Badore àti Langbasa, òṣìṣẹ́ sì ti ń sáré kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ òpópónà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ má bàa ká a mọ́. Oníbúrẹ́dì àti ẹlẹ́wà àgọ̀nyìn ti pàtẹ. Alágbo ti to ìgò rẹ̀ sínú báàfù: ti ibà lọ́tọ̀, ti ẹ̀yìn dídùn lọ́tọ̀, ti jẹ̀dí níwájú. Ẹnìkan á mu ife kan, á fi búrẹ́dì àti mínírà tutù lé e, á wọ ọkọ̀. Ó di alẹ́ kó tó tún na ẹsẹ̀.

Irú ayé yìí ni àtọ̀gbẹ fẹ́ràn.

Àwọn tó fún àìsàn náà lórúkọ ti wò ó dáadáa. Ẹni tó ń tọ̀ ṣáá, tó sì ń gbẹ: ìwé ìṣègùn tó nípọn kò lè sọ ọ́ kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Íńdíà àtijọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé eèrà máa ń ṣù bo ìtọ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ní 1674, Thomas Willis, dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ pé ìtọ̀ náà dùn bí oyin, ẹni tó bá sì ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ á mọ̀ pé ó tọ́ ọ wò. Lẹ́nu aráàlú lónìí, "ìtọ̀ ṣúgà" ni. Ibẹ̀ sì ni jẹ̀díjẹ̀dí ti wá da ọ̀rọ̀ rú, nítorí Yorùbá ti gbà tipẹ́ pé àdídùn àjẹjù ló ń fa jẹ̀dí. Bí wọ́n bá sọ fún ènìyàn pé ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àgbo jẹ̀dí ló máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ìdí ni jẹ̀dí ń bá jà; àtọ̀gbẹ, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé. Nọ́ọ̀sì tó bá ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú kókó yẹn kó tó lè sọ ohunkóhun tí etí máa gbà.

Títí di ọdún 1921, ọmọdé tí àtọ̀gbẹ bá mú, ikú ló mú un. Ọdún yẹn ni Frederick Banting àti Charles Best rí ínsúlìn yọ ní Toronto, ní Kánádà. Ní oṣù kìíní 1922, wọ́n gún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ní abẹ́rẹ́ rẹ̀, ọmọ náà sì yè. Ayé yọ̀. Ṣùgbọ́n ínsúlìn kì í ṣe oògùn àlòkan tí dókítà máa fúnni tí á sì gbọwọ́ nù. Ojoojúmọ́ ni. Ta ni yóò kọ́ aláìsàn bí ènìyàn ṣe ń gún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́? Ta ni yóò wo ohun tó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀, tí yóò wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀? Elliott Joslin, dókítà ní Boston ní Amẹ́ríkà, tètè rí i pé ọwọ́ dókítà nìkan kò lè ká a. Ó kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kan níṣẹ́ náà, ó sì ń rán wọn lọ bá àwọn aláìsàn nínú ilé wọn. Nọ́ọ̀sì alárìnká ni wọ́n ń pè wọ́n. Ní Ìlú Ọba, Leicester ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1950, láàárín Dókítà Joan Walker àti nọ́ọ̀sì abẹ́lé kan, Joan Wilson. Joan méjì: ọ̀kan jókòó sí ilé ìwòsàn, ọ̀kan ń kan ilẹ̀kùn kiri.

Àkókò yẹn gan-an ni ọmọ Èkó kan ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti 1946 ni Kofoworọlá Abẹ́ní Pratt ti wà ní ilé ìwòsàn St Thomas', ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí Florence Nightingale dá sílẹ̀ níbẹ̀. Ó wà lára àwọn nọ́ọ̀sì dúdú tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ètò ìlera ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948, aláìsàn kan sì wà tó kọ̀ pé ọwọ́ dúdú kò gbọdọ̀ kan òun. Ó padà sílé ní 1954. Nígbà tó yá, ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mẹ́tírọ̀nù ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì wà lára àwọn tó jà fún un kí Yunifásítì Ìbàdàn máa kọ́ nọ́ọ̀sì fún oyè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Ìpínlẹ̀ Èkó fi í jẹ kọmíṣọ́nnà ìlera. Kí irú wọn tó dé, ẹni tó ń ru àwo abẹ́rẹ́ tẹ̀lé dókítà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ka nọ́ọ̀sì sí. Ìjà tí wọ́n jà kò ní í ṣe pẹ̀lú àtọ̀gbẹ rárá, bẹ́ẹ̀ láìsí ìjà yẹn, kò sí ẹni tó máa gbé ìtọ́jú àtọ̀gbẹ lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ lẹ́yìnwá.

UCH ga, ó sì lókìkí. Síbẹ̀, abúlé ni wọ́n ti fi ojú rí i nílẹ̀ wa pé nọ́ọ̀sì lè tọ́jú aláìsàn láìsí dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí dókítà kò sì ní bínú.

Ní 1956, dókítà òyìnbó kan tó ń jẹ́ David Morley dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ó lo nǹkan bí ọdún márùn-ún níbẹ̀. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ń kú bí ewé tó ń rẹ̀: èéyi ń pa wọ́n, ikọ́ ń pa wọ́n, ìgbẹ́ gbuuru ń pa wọ́n, àìjẹunre-kánú sì ń bá gbogbo rẹ̀ jẹun nínú àwo kan náà. Morley ka iye dókítà tó wà, ó ka iye ọmọ, ó rí i pé ìṣirò náà kò lè jáde láéláé. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó yí iṣẹ́ náà padà. Nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ló ń dá kílíníìkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ṣe. Wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n ń fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n sì ń fún èyí tí ara rẹ̀ kò dá ní oògùn lójú ẹsẹ̀. Èyí tó bá ju agbára wọn lọ ni wọ́n ń gbé síwájú dókítà.

Ó tọ́ kí a dúró díẹ̀ lórí káàdì wọn. Ní ilé ìwòsàn ìgbà náà, yàrá kan ni gbogbo ìwé aláìsàn máa ń wà, àwọn akọ̀wé á máa wá a títí ọ̀sán, nígbà mìíràn wọn kì í sì í rí i. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ìyá ọmọ ló ń gbé káàdì lọ sílé, nínú ọ̀rá kí omi má bàa kàn án. Ìlà kan wà lórí rẹ̀ bí ojú ọ̀nà. Bí ọmọ bá ń tóbi, ìlà náà á máa gun òkè. Bí ó bá dúró lójú kan, ìlà náà á tẹ́ pẹrẹsẹ, ìyá tí kò mọ a yàtọ̀ sí b á sì rí i pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rù pé àwọn ìyá á sọ káàdì nù. Àwọn ìyá tọ́jú rẹ̀ ju akọ̀wé ilé ìwòsàn lọ. Nígbà tí àwọn oníwàádìí fi Ìmẹ̀sí-Ilé wé Òkè-Ìmẹ̀sí tó wà nítòsí ní 1966 sí 1967, ikú ọmọdé kéré jọjọ níbi tí káàdì àti nọ́ọ̀sì wà. Káàdì náà kúrò ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ó rin ayé já. Káàdì wíwọn ọmọ tí wọ́n ń fún ìyá ọmọ ní Addo lónìí, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni.

Òkè-Ìmẹ̀sí tí wọ́n fi wé e náà ní ohun tirẹ̀ láti fi yangàn. Ìlú Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ni. Ní 1971, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn gbé ìwádìí jáde lórí àtọ̀gbẹ láàárín ọmọ Nàìjíríà: aláìsàn 832. Iye yẹn ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu, nítorí èrò tó wà nílẹ̀ ni pé àìsàn òyìnbó ni, àìsàn olówó. Ẹ sì wò ó, àwọn 832 yìí ni àwọn tó rí ọkọ̀ wọ̀ dé ilé ìwòsàn ńlá. Àwọn tó kù sílé, ta ló kà wọ́n?

Kì í ṣe pé kò sí ọ̀nà láti yẹ̀ wọ́n wò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìtọ̀ ni wọ́n fi ń wá ṣúgà. Nọ́ọ̀sì á kán ìtọ̀ díẹ̀ sínú omi oògùn Benedict tó dúdú bí aró tí wọ́n fi omi là, á gbé e lé iná. Bí kò bá sí ṣúgà, àwọ̀ aró náà kò ní yí padà. Bí ó bá wà, omi náà á di àwọ̀ ewé, á pọ́n bí ọsàn, á sì dà bí bíríkì bí ọ̀rọ̀ bá ti burú. Iṣẹ́ iná àti ojú ni, kò gba dókítà. Ohun tí kò sí ni àṣẹ: nọ́ọ̀sì lè rí bíríkì nínú ìgò, kò lè fún aláìsàn lóògùn. "Ẹ lọ rí dókítà" ni òpin ọ̀rọ̀ rẹ̀, dókítà náà sì lè wà ní ìlú kẹta.

Ní Èkó, Ọlikóyè Ransome-Kútì ń já irú okùn yẹn fún àwọn ọmọdé. Ọ̀jọ̀gbọ́n ìtọ́jú ọmọdé ni ní Yunifásítì Èkó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó mú inú rẹ̀ dùn wà ní kílíníìkì kan ní òpópónà Gbájà, ní Súrùlérè. Níbẹ̀, wọ́n kọ́ nọ́ọ̀sì láti yẹ ọmọ wò, láti sọ ohun tó ń ṣe é, láti fún un lóògùn, gẹ́gẹ́ bí ìwé ìlànà tí nọ́ọ̀sì àti dókítà jọ fọwọ́ sí. Dókítà wà nítòsí fún èyí tó bá le. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè péjọ sí ìlú Alma-Ata, ní Kazakhstan, ní 1978 tí wọ́n ní kí ìtọ́jú súnmọ́ ilé gbogbo ènìyàn, ohun tí wọ́n ń sọ kò ṣàjèjì sí ẹni tó ti rí Ìmẹ̀sí-Ilé tàbí Gbájà. Ransome-Kútì di mínísítà ìlera ní 1985. Láti 1986 ló ti fi ìjọba ìbílẹ̀ 52 ṣe àwòkọ́ṣe ètò ìlera alábọ́ọ́dé, ìlànà ìlera orílẹ̀-èdè sì jáde ní 1988.

Ẹni tó bá ti dàgbà tó láti rántí ìgbà náà á rántí iyọ̀ àti ṣúgà. Orí rédíò, orí ògiri ilé ìwòsàn, ẹnu gbogbo ìyá: omi tó kún ìgò bíà kan tàbí ìgò mínírà méjì, ṣíbí tíì iyọ̀ kan, ṣíbí ṣúgà mẹ́wàá, gbogbo rẹ̀ ní ìwọ̀n pẹrẹsẹ, fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ó gba ẹ̀mí là lọ́pọ̀lọpọ̀. Ó tún jẹ́ ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ènìyàn bá wò ó láti òní, pé ṣúgà àti ìgò mínírà ni irinṣẹ́ tí ètò ìlera alábọ́ọ́dé fi gbajúmọ̀ nílẹ̀ wa.

Ọmọdé àti aboyún ni wọ́n kọ́ gbogbo ilé náà fún. Ìdí rẹ̀ yé ènìyàn; àwọn ló ń kú. Àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní òṣùwọ̀n ọmọ, fìríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára, ibùsùn ìgbẹ̀bí. Bàbá ẹni ọdún 50 tó bá wọlé pé òùngbẹ ń gbẹ òun lóru kò rí àga tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, orílẹ̀-èdè ti ń yí padà lábẹ́lẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkúgbé, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ mọ ìwádìí ẹ̀jẹ̀ ríru, ló ṣáájú ìwádìí àìsàn tí kì í ràn tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 1997. Nínú àgbàlagbà 100, bí i méjì ló ní àtọ̀gbẹ. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà kì í ṣe ọ̀kan náà: ní Mangu, ní ìgbèríko Plateau, kò pé ẹnìkan nínú 100, láàárín ìlú Èkó, ó ju méje lọ. Ìwádìí mìíràn tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 2018 sọ pé iye náà ti tó nǹkan bí i mẹ́fà nínú 100 káàkiri orílẹ̀-èdè. Ìlú ló ń gbé àtọ̀gbẹ rìn, ìlú sì ń bọ̀ wá sí Addo.

Ọ̀sà ni ọ̀nà ní etí omi yìí tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé ènìyàn, ẹja àti àgbọn ló ń gbé ilé ró, ìtàn ilẹ̀ Ajah kò sì lè pé láìdárúkọ Olúmẹ́gbọ̀n, olórí àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ. Òpópónà tí wọ́n ṣe nígbà Gómìnà Lateef Jákàńdè, láàárín 1979 sí 1983, ló ṣí ilẹ̀ náà sílẹ̀. Ní oṣù keje 1990, ìjọba ológun Raji Ràsákì wó Maroko, nǹkan bí 300,000 ènìyàn di aláìnílé láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gba apá Ìlasan, Ìkọ̀tà àti Ajah lọ. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ẹ̀sìtéètì, lẹ́yìn ẹ̀sìtéètì ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀sìtéètì: bíríkìlà, awakọ̀, aṣọ́gbà, ọmọ ọ̀dọ̀, aláṣọ, onípọ́ọ̀sì. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú omi tẹ́lẹ̀, tó ń fi apá rẹ̀ jẹun, di ẹni tó jókòó sínú dánfó fún wákàtí mẹ́ta. Ẹja àti ẹ̀bà di indómì àti mínírà nídìí ọkọ̀. Kò sí ẹni tó dájọ́ àìsàn sí ọjọ́ kan pàtó. Ó kàn ń wọlé bí ọ̀sà ṣe ń wọ ilẹ̀.

Ní ibòmíràn ní Áfíríkà, wọ́n dán irú ọ̀nà Ìmẹ̀sí-Ilé wò lórí àtọ̀gbẹ. Ní Hlabisa, agbègbè oko ní KwaZulu-Natal ní South Africa, wọ́n gbé ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti ikọ́ fée lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé ìlànà, dókítà sì ń tì wọ́n lẹ́yìn. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní 1998 sọ pé nínú àwọn alátọ̀gbẹ tí kò nílò ínsúlìn, 82 nínú 100 ni àìsàn wọn wà níkàáwọ́. Ní Tanzania, níbi tí ẹsẹ̀ jíjẹrà ti ń gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ, ètò kan tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2000 kọ̀ láti dá dókítà nìkan lẹ́kọ̀ọ́. Dókítà kan pẹ̀lú nọ́ọ̀sì kan láti ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní kó wá, méjì-méjì, bí ìgbà tí a bá ń kó bàtà. Ìdí rẹ̀ rọrùn: bí ọ̀kan bá kọ́ ọ tí èkejì kò kọ́ ọ, ọjọ́ Mọ́ńdè tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́ ni ẹ̀kọ́ náà máa kú.

Nílé níbí, àìsàn mìíràn ló la ọ̀nà. Nígbà tí oògùn kòkòrò HIV dé lọ́pọ̀ yanturu ní àárín àwọn ọdún 2000, kò sí bí dókítà ṣe máa tó. Nọ́ọ̀sì kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò ní í lọ: káàdì ìpàdé, ọjọ́ tí yóò padà wá, ẹni tí yóò lọ wá a nílé bí kò bá wá. Ní 2014, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tó sọ ọ́ kedere pé àwọn iṣẹ́ kan tí wọ́n ń fi sílẹ̀ fún dókítà, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ lè jọ ṣe é. Láti 2020, ní Ògùn àti ní Kano, ètò kan ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru, pẹ̀lú ìlànà tó wà lórí ìwé. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, ọmọ ìyá ni wọ́n nínú ara; ibi tí ọ̀kan bá gbà wọlé ni èkejì máa ń gbà.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń pín nìyí, níbi tó bá ti pín dáadáa. Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ rí aláìsàn. Ó wọ̀n ọ́n, ó so rọ́bà ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ apá rẹ̀, ó gún ìka rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré sì ka ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Bí ènìyàn kò bá tíì jẹun láti alẹ́, tí ẹ̀rọ sì kọ 126 mg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn kí dókítà tó sọ pé àtọ̀gbẹ ni. Dókítà ló ń yan oògùn, òun ló ń wo ojú, kíndìnrín àti ọkàn, òun ló ń pinnu bóyá ọ̀rọ̀ ti dé ti ínsúlìn. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ nọ́ọ̀sì ló tún padà sí, fún oṣù, fún ọdún. Òun ló ń sọ pé "Bàbá, ẹ bọ́ bàtà yín." Àtọ̀gbẹ ń pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀, ènìyàn lè tẹ ìṣó láti àárọ̀ títí di alẹ́ láìmọ̀. Ní etí ọ̀sà tí ọ̀pọ̀ ti ń rìn láìwọ bàtà, bíbọ́ bàtà yẹn nìkan lè gba ẹsẹ̀ kan là.

Nọ́ọ̀sì náà ló ń gbọ́ òótọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sọ fún dókítà pé àwọn ò lo oògùn, wọ́n á ní "Mò ń lò ó, sà." Nígbà tí wọ́n bá jáde, wọ́n á sọ fún nọ́ọ̀sì pé oògùn ti tán láti oṣù tó kọjá, owó ni kò sí, tàbí pé alágbo sọ pé kí àwọn dá a dúró. Ní àsìkò Ramadan, òun ni wọ́n máa ń bi bóyá àwọn lè gbààwẹ̀, bí wọ́n bá tilẹ̀ bi ẹnikẹ́ni. Bí dókítà kò bá bi nọ́ọ̀sì léèrè ohun tó gbọ́, á kàn fi oògùn kún oògùn tí aláìsàn kò lò.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni iṣẹ́ tó le jù. Ìmọ̀ràn tó gbòde ni pé kí alátọ̀gbẹ máa jẹ ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú àti àmàlà nìkan, títí ayé. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé bí oúnjẹ bá ti dúdú, kò ní ṣúgà. Èlùbọ́ isu kò yàtọ̀ sí isu nínú ikùn. Ìwọ̀n ló ṣe pàtàkì: ìdì ẹ̀bà kan pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tó pọ̀ àti ẹja sàn ju òkè àmàlà mẹ́ta lọ. Nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọmọ agbègbè, tó mọ bí wọ́n ṣe ń bu oúnjẹ ní Addo, lè fi ọwọ́ ṣàpèjúwe ìwọ̀n náà kó yé ìyàwó ilé kíákíá. Ìjọba àpapọ̀ náà ti gbà pé mínírà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà: òfin owó-orí tó jáde ní ìparí 2021 fi náírà mẹ́wàá lé lítà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ra ìgò kan lójú ọ̀nà Badore kò ní mọ̀ ọ́n lára.

Ínsúlìn tún ní ìyọnu tirẹ̀, ooru ń bà á jẹ́, iná sì ń lọ. Ní àríwá, olùkọ́ kan ní Jígáwá, Mohammed Bah Abba, fi ìkòkò amọ̀ méjì sínú ara wọn, ó fi iyanrìn tútù sáàárín kí inú wọn lè tutù láìsí iná. Ó gba ẹ̀bùn Rolex ní 2000. Ẹ̀fọ́ àti èso ló ṣe é fún, àmọ́ irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ni àwọn alátọ̀gbẹ ní ọ̀pọ̀ ibi tí kò sí iná ń tọ́jú ínsúlìn sí. Èyí tó bá mọ̀ ọ́n nínú àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ́ aláìsàn rẹ̀.

Kì í ṣe pé àárín dókítà àti nọ́ọ̀sì tutù pẹ̀sẹ̀. Ìjà ipò láàárín ẹgbẹ́ dókítà àti ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yòókù ti pẹ́ ní Nàìjíríà. Ìyanṣẹ́lódì tí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù náà ṣe ní 2018 gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn dókítà kan ń bẹ̀rù pé bí nọ́ọ̀sì bá ń kọ oògùn, kí ló kù? Àwọn nọ́ọ̀sì kan ń sọ pé iṣẹ́ dókítà ni wọ́n ń gbé lé àwọn lórí láìfi owó dókítà lé e. Àwọn méjèèjì ní ẹjọ́ tí wọ́n ń rò. Bí wọ́n sì ṣe ń rò ó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń já pa, tí nọ́ọ̀sì tó mọ gbogbo alátọ̀gbẹ àdúgbò lórúkọ á kàn di ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba. Aago tún wà. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ń ṣí ní àárọ̀, nígbà tí awakọ̀ àti aláṣọ Addo ti kọjá Lẹ́kí. Nígbà tí wọ́n bá fi dé, ilẹ̀kùn ti tì. Kẹ́míìsì ni kì í tì. Nítorí náà, fún ọ̀pọ̀, oníkẹ́míìsì ni dókítà, òun náà sì ni nọ́ọ̀sì.

Káàdì ọmọ kún inú àpò gbogbo ìyá. Fún alátọ̀gbẹ, ní ọ̀pọ̀ ibi, ìwé ìkọ̀wé ọmọléèwé ni, èyí tí wọ́n rà fúnra wọn. Wọ́n fi rúlà la á: ọjọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà àárọ̀, oògùn. Òǹtẹ̀ inú rẹ̀ kò bára mu, ọwọ́ ìkọ̀wé méjì-mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ti nọ́ọ̀sì ní bírò búlúù, ti dókítà tí ẹnikẹ́ni kò lè kà, àti nígbà mìíràn ti ọmọ ilé tó ń bá ìyá àgbà kọ nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀rọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń ya. Wọ́n ń gbé e wá sí kílíníìkì nínú ọ̀rá dúdú, wọ́n pọ́n ọn pọ̀ mọ́ sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn tó ti tán kí nọ́ọ̀sì lè rí orúkọ oògùn náà, wọ́n sì máa ń gbé e lé orí tábìlì kí wọ́n tó jókòó.